Apá Rọ́bà

Bipana, jókòó. Ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé.
Fọ́ọ̀mù rẹ rèé lórí tábìlì. N kò tíì kọ nǹkan kan sí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Jumla yìí,
níbi tí orí òkè ti ń hu ewú kí ọdún tó parí.
Ọdún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú apá rọ́bà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
apá tí kò ní ara, tí ọmọ kankan kò sunkún tẹ̀lé wá.
Iṣan rẹ̀ gún gbọọrọ bí rúlà.
Ẹ ń gún un, ẹ ń bá a, ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ara yín.
Mo ní ẹ há a sórí, ẹ sì há a,
bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ìyá ńlá rẹ̀.

Lálẹ́ àná wọ́n gbé Jaukala dé.
Ọmọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀,
ó ń bì, ó ń yàgbẹ́,
ètè rẹ̀ gbẹ bí háhá ọkà bálì.
Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ náà rí i:
ọwọ́ tó ti kórè fún ọgọ́ta ọdún,
ó sán, ó le, ó tutù bí òkúta abẹ́ odò.
Níbo ni iṣan wà? Ìwé ní ó wà níbẹ̀.
O gún òsì, iṣan yẹ̀.
O gún ọ̀tún, awọ wú.
Mo dúró lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú bírò,
mo ti ń kọ "kò yege" sínú ọkàn mi.
Ọmọ ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Sún. Jẹ́ kí n ṣe é."

Ohun tí n kò sọ fún yín rí nìyí:
ó di ọdún mẹ́fà tí mo ti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn.
Ìka mi gbọ̀n. Mo tàsé.
Èmi tí mo ṣe ìbéèrè ìdánwò náà.

Birma ló gbé abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé,
Birma wọ́ọ̀dù, tó máa ń ní kí ẹ gbàgbé ìwé,
tí èmi náà máa ń ní kí ẹ má wo àṣekúṣe rẹ̀.
Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ki ọwọ́ ìyá náà bọ omi,
ó fi aṣọ bò ó, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀.
A dúró.
Ni o bá sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó rántí gbèsè:
"Ooru a máa mú iṣan fẹ̀. Òtútù a máa mú un súnkì."
Ojú ìwé kọkànlélógójì. Èmi ni mo pè é fún yín.
Birma yíjú sí ọ: "Ó wà nínú ìwé?"
Ojú tì mí débi pé mo wo inú abọ́.
Mo ti kọ́ni ní gbólóhùn yẹn nígbà mẹ́sàn-án,
n kò fojú rí i rí.

Iṣan kan gbérí, tẹ́ẹ́rẹ́, wíwọ́,
bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè.
O gún un. Dírípù ń kán.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, Jaukala bèèrè tíì oníyọ̀,
ó sì bú ọmọ rẹ̀ pé ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí ojú ọ̀nà.

Àpótí mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù yìí:
ó mọ̀ ọ́n; ó lè ṣe é; ó mọ ìdí rẹ̀.
Bí mo bá fẹ́ ṣòótọ́, orúkọ mẹ́ta ni n bá kọ.
Mo ti tọrọ iṣẹ́ òru méjì lọ́wọ́ Birma.
Ó ní kí n mú ìbọ̀wọ́ tèmi dání.
Òun yóò wá sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀,
ṣùgbọ́n òun kò ní jókòó níwájú o.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù,
mo bọ apá rọ́bà náà lọ́wọ́.
Mo dì í mú títí. Kò móoru.

Gba bírò. Èmi ó wí, ìwọ máa kọ.
Rárá, mú un padà wá.
Ìwọ wí. Èmi ni n ó kọ.